Bí Iṣẹ́ Ọnà Ṣe Lè Lọ Láti Ìbàdàn sí Cleveland, Kí Tiwọn Náà sì Wá

Ẹ wo àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn dáadáa. Ẹ ó rí àwọn òpó tẹ́ẹ́rẹ́ tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, síbí sì wà láàárín òpó kan sí èkejì. Òpó Mápó Hall nìyẹn, gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí lórí òkè láàárín ìlú lọ́dún 1929. Ìyá aláró ti ìyẹ́ adìẹ bọ ẹ̀kọ láfún, ó fi ya òpó gbọ̀ngàn ìlú sára aṣọ funfun, ó rì í sínú aró, ìlú odindi wá di ohun tí ènìyàn lè ká mọ́ abíyá. Bí ẹni tí kò dé Ìbàdàn rí bá bi mí pé irú ìlú wo la jẹ́, aṣọ yẹn ni màá kọ́kọ́ tẹ́ sílẹ̀ kí n tó la ẹnu.

Láti ọdún 1974 ni Ìbàdàn àti Cleveland, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, ti jẹ́ ìlú ọmọ-ìyá. Ọdún yẹn náà ni Èkó àti Atlanta ṣe tiwọn. Ìlú ọmọ-ìyá ni ìlú méjì tó wà ní orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé pé àwọn yóò máa bá ara wọn ṣe. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn tí mo bi ni kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Kò yà mí lẹ́nu. Ìwé tí aláṣẹ fọwọ́ sí kì í dìde rìn fúnra rẹ̀. Àfi kí ẹnìkan níbí fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe nǹkan, kó fi ránṣẹ́ sí ẹnìkan lọ́hùn-ún, kí tọ̀hún náà sì fi tirẹ̀ ránṣẹ́ padà.

Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, fún ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà, àti fún ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Cleveland ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ nítorí òun ni mo mọ̀. Ẹni tí ìlú tirẹ̀ bá yàtọ̀, kó fi orúkọ ìlú rẹ̀ sí i.

Kí a tó bọ́ sọ́nà, ìtàn kan wà tí kì í kúrò lọ́kàn mi. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, bọ́ǹbù fọ́ Coventry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ogun sì run Stalingrad ní Rọ́ṣíà. 830 obìnrin Coventry fi abẹ́rẹ́ àti òwú kọ orúkọ wọn sára aṣọ tábìlì kan, ẹnì kọ̀ọ̀kan dá sísì kan sí i, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí àwọn ará Stalingrad. Ọdún 1944 ni ìlú méjèèjì di ọmọ-ìyá. Volgograd ni wọ́n ń pe Stalingrad báyìí, aṣọ náà sì wà ní mùsíọ́mù níbẹ̀ dòní. Kò sí ayàwòrán olókìkí kankan nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Abẹ́rẹ́, òwú àti orúkọ ni. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ kò tíì tó ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀.

1. Ẹ wádìí ohun tó wà nílẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ìlú yín ní ọmọ-ìyá lókè òkun. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ tó ń ṣe kòkáárí rẹ̀ ni Sister Cities International, tí Ààrẹ Eisenhower fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ lọ́dún 1956. Ẹ lè wo orúkọ ìlú lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn. Ẹgbẹ́ yìí kan náà ló ń ṣe ìdíje àwòrán àti ìwé kíkọ fún àwọn ọmọ ọdún 13 sí 18 láti inú àwọn ìlú ọmọ-ìyá, ohun tó yẹ kí olùkọ́ girama fi sọ́kàn.

Ibi tó ta kókó fún àwa ará Ìbàdàn rèé. Mẹ́yọ̀ kan ṣoṣo ló ń darí Cleveland. Ìbàdàn kò ní mẹ́yọ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ 11 ló pín in mọ́wọ́, 5 nínú ìgboro, 6 lẹ́yìn ìgboro. Bí ará Cleveland bá wá ní kí ìlú Ìbàdàn fọwọ́ sí lẹ́tà, ta ni yóò fọwọ́ sí i? Ọ̀nà tí mo rí gbà ni kí lẹ́tà kan lọ sí ilé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àṣà, kí ẹ̀dà rẹ̀ lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ tí ẹ wà, kí òmíràn sì lọ sí CCII, àpapọ̀ ẹgbẹ́ ọmọ bíbí Ìbàdàn. Ojú ìwé kan ti tó. Ẹ má tọrọ owó nínú rẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, kí ẹ sì gba òǹtẹ̀ sára ẹ̀dà tiyín pé wọ́n ti rí i. Lẹ́yìn náà, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Bí ẹ bá jókòó de èsì, àwọn ọmọ tó yẹ kó ya àwòrán náà yóò ti jáde ilé ẹ̀kọ́.

2. Ènìyàn kan ni kí ẹ wá

Wọ́n máa ń gbé òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì láti ibì kan sí ibòmíràn. Olùkọ́ tó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ lè wà nílé ẹ̀kọ́ kan fún ogún ọdún. Ẹni bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ wá. Ní Cleveland, ẹ lè kọ̀wé sí Karamu House, ilé eré àti iṣẹ́ ọnà tó ti wà láti ọdún 1915, tó sì sún mọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú náà gan-an. Cleveland Institute of Art wà níbẹ̀ pẹ̀lú, láti ọdún 1882. Ẹ ní kí wọ́n júwe olùkọ́ kan tàbí ayàwòrán kan fún yín, ẹ má ní kí wọ́n gba iṣẹ́ náà ṣe.

Ọ̀rọ̀ aago kéré, ó sì ti ba nǹkan jẹ́ rí. Aago 4 ìrọ̀lẹ́ Ìbàdàn jẹ́ aago 10 àárọ̀ ní Cleveland nígbà òtútù wọn. Nígbà ooru, ó di aago 11, torí pé wọ́n ń yí aago wọn síwájú ní oṣù Kẹta, wọ́n sì ń dá a padà ní oṣù Kọkànlá. Àwa kì í yí tiwa. Ẹ kọ aago ìlú méjèèjì sínú gbogbo ìkéde ìpàdé.

3. Ẹ fẹnu kò lórí iye, ìwọ̀n àti àkòrí

Iye: 12 láti ibí, 12 láti ọ̀hún. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Bí ìlú kan bá ń fúnni tí èkejì kàn ń gbà, ọ̀rọ̀ ìrànwọ́ ló máa dà, ìrànwọ́ kọ́ la sì wá ṣe.

Ìwọ̀n: A4 àti A3 la ń lò níbí. Àwọn ará Amẹ́ríkà kì í lò wọ́n. Férémù tó wà lọ́jà wọn jẹ́ ínṣì 8 sí 10, 11 sí 14, àti 16 sí 20. Bí ẹ bá fi A3 ránṣẹ́, ó gùn ju férémù 11 sí 14 lọ ní ínṣì méjì ààbọ̀. Wọ́n á gé àwòrán ọmọ yín, tàbí kí wọ́n ra férémù àkànṣe tó wọ́n. Torí náà, ẹ fi rúlà àti abẹ gé pépà sí ínṣì 11 sí 14 kí ẹnikẹ́ni tó fi pẹ́ńsùlù kàn án.

Àkòrí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Ẹ má ṣe fi “Àlàáfíà” tàbí “Ìfẹ́ láàárín orílẹ̀-èdè” ṣe é. Mo mọ ohun tó ń ti inú rẹ̀ jáde: ọwọ́ méjì tó bọ ara wọn, ẹyẹlé, àsíá méjì. Kò sí ìlú tí irú rẹ̀ kò lè ti wá. Ẹ béèrè ohun tí ojú ọmọ náà ń rí lójoojúmọ́. Òrùlé tó ń rí láti ojú fèrèsé wọn. Ohun tí ìyá rẹ̀ ń gbé kaná láàárọ̀ Sátidé. Ohun tó wà lójú ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Òrùlé la kọ́kọ́ lò. Ọmọ kan tó ń gbé nítòsí Ọjà'ba fẹ́ ya páànù tó ti dípẹtà, kò sì rí àwọ̀ ìpẹtà nínú ọ̀dà tí mo fún un. Ó bu erùpẹ̀ pupa lẹ́yìn kíláàsì, ó jọ̀ ọ́, ó pò ó mọ́ gọ́ọ̀mù, ó fi kun òrùlé náà. Bí ẹ bá fi ìka kàn án títí dòní, ẹ ó mọ̀ pé ilẹ̀ Ìbàdàn ni. Nígbà tí tàwọn ará Cleveland dé, ọ̀kan wà nínú rẹ̀ tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ pépà funfun lásán, láìsí ọ̀dà kankan. Àwọn ọmọ mi ní ẹni yẹn kò parí iṣẹ́ rẹ̀. Mo ní kí wọ́n wò ó títí. Ọmọbìnrin kan ló wá sọ pé, “Ọ̀gá, òjò dídì ni.” Ọmọ Cleveland náà ti fi pépà sílẹ̀ ní funfun kó lè jẹ́ òjò dídì. Kò sí ẹ̀kọ́ tí mo lè kọ́ wọn lójú pátákó tó lè ṣe ohun tí pépà funfun yẹn ṣe.

4. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀

Ìbéèrè mẹ́ta ni ìwé náà gbọ́dọ̀ dáhùn. Ṣé ẹ̀bùn ni àbí àyálò? Bó bá jẹ́ àyálò, ọjọ́ wo ni yóò padà, ta ni yóò sì san owó ọkọ̀ rẹ̀? Ta ló lè ya fọ́tò rẹ̀, níbo sì ni fọ́tò náà lè dé?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé bí wọ́n bá ti fún àwọn ní àwòrán, gbogbo agbára lórí rẹ̀ ti di tàwọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ti Nàìjíríà, ti ọdún 2022, fi ẹ̀tọ́ sílẹ̀ fún ẹni tó ya á ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, àti ọdún 70 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹni tí ẹ fún ní pépà ló ni pépà. Kò láṣẹ láti tẹ àwòrán náà sára ife tíì kó máa tà á, àfi tí ẹni tó ya á bá fọwọ́ sí i.

Bó bá jẹ́ ọmọdé ló ya á, òbí ló ń fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn àwòrán, ẹ kọ orúkọ àkọ́kọ́ ọmọ náà, ọjọ́ orí rẹ̀ àti orúkọ ìlú nìkan. Ẹ má kọ orúkọ bàbá, ẹ má kọ àdírẹ́ẹ̀sì ilé.

5. Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ náà gbẹ

Ọ̀dà olómi máa ń gbẹ láàárín wákàtí díẹ̀. Ọ̀dà olóròóró ń fẹ́ oṣù mẹ́fà, ó kéré tán, kí a tó ká a. Bí àkókò kò bá sí, ẹ má lo olóròóró.

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ní tirẹ̀. Ẹ̀kọ láfún tí wọ́n fi ya á gbọ́dọ̀ jáde pátápátá. Ẹ rẹ aṣọ náà sómi, ẹ fi ọwọ́ ha á, ẹ ṣàn án títí omi yóò fi mọ́. Bí ẹ̀kọ bá kù sínú rẹ̀, kòkòrò yóò jẹ ẹ́ nínú páálí, tàbí kó bu kó tó dé. Bẹ́ẹ̀ náà ni aró: ẹ fi aṣọ funfun nù ún lójú gbígbẹ. Bí aró bá ṣì ń yọ, ẹ tún un ṣàn, ẹ má sì jẹ́ kó fara kan pépà kankan.

6. Ohun tí òfin kò ní jẹ́ kó kọjá

Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1979 sọ pé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kò gbọdọ̀ jáde láìsí ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ NCMM, àjọ tó ń bójú tó mùsíọ́mù wa. Àwọn ènìyàn gbà pé ohun àtijọ́ nìkan ni. Lóòótọ́, iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 1918 wà nínú rẹ̀. Àmọ́ òfin náà tún mú iṣẹ́ ọnà tó níye lórí tí wọ́n ti lò rí fún ayẹyẹ tàbí ètùtù ìbílẹ̀, láìka ìgbà tí wọ́n ṣe é sí. Ère ìbejì tí agbẹ́gilére gbẹ́ lóṣù tó kọjá fún títà kò sí nínú rẹ̀. Èyí tí ìyá yín àgbà ti wẹ̀, tó ti fi osùn pa lára, wà níbẹ̀, kò sì yẹ kó jáde nílé yín rárá. Mo sọ ọ́ bí ó ṣe wà lọ́kàn mi. Ohun tí ìdílé fi tọ́jú ẹ̀mí ọmọ kì í ṣe ohun pàṣípààrọ̀.

Nítorí pé òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfuurufú kò lè fi ojú lásán mọ tuntun yàtọ̀ sí ti àtijọ́, ẹ gbé gbogbo ère gbígbẹ́, iṣẹ́ idẹ àti iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ NCMM kí wọ́n wò ó, kí wọ́n sì fún yín níwèé. Ní Ìbàdàn, ẹ béèrè ní mùsíọ́mù wọn tó wà ní Alẹ́ṣinlóyè. Ẹ mú fọ́tò iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan dání, iwájú àti ẹ̀yìn, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ṣe é àti ọdún tó ṣe é.

Ìyẹ́ àti eyín tún wà níbẹ̀. Ìkóódẹ, ìyẹ́ pupa ìdí odídẹrẹ́, ń fa wàhálà ní ẹnubodè. Àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní CITES ti fi odídẹrẹ́ sí àkójọ tó le jù láti ìpàdé ọdún 2016. Adé tí ẹ fi ìkóódẹ sí, wọ́n lè gbẹ́sẹ̀ lé e. Ẹ fi òwú pupa ṣe é. Eyín erin, ẹ má tilẹ̀ dábàá rẹ̀.

7. Dídì

Ẹ má fi ìwé ìròyìn bo ojú àwòrán, íńkì rẹ̀ yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má sì fi ọ̀rá oníhóró afẹ́fẹ́ tí àwọn ọmọdé máa ń tẹ̀ kó dún kan ojú ọ̀dà. Nínú ooru, hóró kọ̀ọ̀kan yóò tẹ àmì róbótó sára rẹ̀. Pépà funfun tó ń dán, tó sì mọ́, ni kó kọ́kọ́ kan ọ̀dà. Ọ̀rá oníhóró wá lè tẹ̀ lé e lóde.

Ẹ má tò àwòrán ní ojú-sí-ojú. A ṣe é nígbà kan. Ooru inú ọkọ̀ mú ọ̀dà rọ̀, méjì lẹ̀ pọ̀. Nígbà tí wọ́n yà wọ́n lọ́hùn-ún, ojú ọmọdébìnrin inú àwòrán kan bá èkejì lọ. Ọmọ tó ya á béèrè lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì bóyá wọ́n ti gbé tirẹ̀ kọ́. Láti ọjọ́ náà, pépà mímọ́ kan wà láàárín àwòrán méjì, páálí líle sì wà nísàlẹ̀ àti lókè.

Èyí tó bá tóbi, ẹ ká a mọ́ páìpù omi tó fẹ̀ dáadáa, ínṣì mẹ́fà sí òkè. Ojú ọ̀dà ni kó wà níta. Ó dà bí ẹni pé inú ló yẹ kí ojú wà, àmọ́ bí ojú bá wà nínú, ọ̀dà yóò wú jọ, yóò sì ṣẹ́. Àdìrẹ náà, kíká mọ́ páìpù ló dára jù fún un, torí pé ojú ibi tí a bá ṣẹ́ aṣọ sí ni aró ti ń ṣá.

Ère nílò àpótí. Fún pákó àpótí tó ń sọdá sí orílẹ̀-èdè mìíràn, òfin àgbáyé ní kí ooru inú rẹ̀ dé ìwọ̀n 56 lórí Celsius fún ìṣẹ́jú 30, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sára rẹ̀, nítorí kòkòrò. Plywood kò sí nínú òfin yẹn, torí náà plywood ni kí káfíńtà lò. Ẹ dúró tì í. Bó bá fi igi lásán gbá igun àpótí mú, òfin ti mú yín nìyẹn.

8. Ìwé kọ́sítọ̀ọ̀mù

Mo ṣe àṣìṣe kan nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ lè yẹra fún. Níbi tí wọ́n ní kí n kọ iye ọjà, mo kọ pé kò ní iye, torí ẹ̀bùn ọmọdé ni. Páálí náà jókòó ní ẹnubodè lọ́hùn-ún fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó kọ̀wé béèrè. Ohun gbogbo gbọ́dọ̀ ní iye lójú kọ́sítọ̀ọ̀mù, ẹ̀bùn pẹ̀lú. Ẹ kọ iye tó jẹ́ òótọ́: owó pépà, ọ̀dà àti iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ wá kọ “ẹ̀bùn, kì í ṣe fún títà” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì.

Àwòrán tí a fi ọwọ́ yà àti ère tí a gbẹ́ wà ní orí 97 nínú ìwé tí kọ́sítọ̀ọ̀mù àgbáyé fi ń pín ọjà. Ẹ kọ 9701 fún àwòrán, 9703 fún ère. Àdìrẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Aṣọ ni wọ́n sábà máa ń kà á sí, wọ́n sì lè bu owó lé e, torí náà ẹ kìlọ̀ fún ẹni tó máa gbà á. Ẹ fi fọ́tò gbogbo iṣẹ́ ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp kí páálí tó kúrò lọ́wọ́ yín. Bí nǹkan bá sọnù, fọ́tò yẹn lẹ ó fi jà.

9. Ẹ pèsè ibi tí tiwọn yóò gbé

Ẹ wo Salvador ní Bahia, ní Brazil, àti Cotonou ní Benin. Ìlú ọmọ-ìyá ni àwọn náà, okùn ẹ̀jẹ̀ sì so wọ́n pọ̀ nítorí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti etíkun wa. Nígbà tí iṣẹ́ ọnà láti Benin dé Salvador, wọ́n fún un ní ilé. Ọdún 1988 ni wọ́n ṣí Casa do Benin ní Pelourinho, àdúgbò kan nínú ìlú náà. Lina Bo Bardi, ayàwòrán ilé, ló tún ilé náà ṣe, Pierre Verger, ayafọ́tò ọmọ Faransé tí àwọn àgbà wa sọ ní Fátúmbí, ló sì ṣa àwọn nǹkan inú rẹ̀ jọ. Ọmọ Bahia lè wọlé síbẹ̀ lónìí, kó rí ohun tí àwọn ìbátan rẹ̀ ń fi ọwọ́ ṣe ní òdìkejì òkun.

Ẹ kò nílò odindi ilé. Ògiri kan ti tó, bí òjò kò bá lè dé ibẹ̀, tí oòrùn kò sì ń ràn lé e. Ẹ má gbé e kọ́ sí ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, níbi tí àwọn ọmọ kì í wọ̀. Ibi tí wọ́n ń gbà kọjá lọ jẹun ló dára jù. Ẹ gbé e kọ́ sí ibi tí ojú ọmọdé tó, kì í ṣe ibi tí ojú àgbà tó.

Kí ọjọ́ 7 tó pé lẹ́yìn tí ẹ bá tú páálí wọn, ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan yan àwòrán kan, kó kọ lẹ́tà sí ẹni tó ya á, kó sì béèrè ohun kan ṣoṣo nípa ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọmọbìnrin tó mọ̀ pé òjò dídì ni kọ tirẹ̀ ní Yorùbá, a sì túmọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀yìn. Ó béèrè bóyá òrùlé náà máa ń dún nígbà tí òjò dídì bá ń já bọ́ láti orí rẹ̀, torí pé páànù tiwọn máa ń dún lálẹ́ bí oòrùn bá ti wọ̀. Èsì rẹ̀ dé lẹ́yìn oṣù kan, pẹ̀lú ohùn tí ọmọ náà gbà sílẹ̀ nínú fóònù: ìró kan tó wúwo, tó lọ́ra, lẹ́yìn náà ajá kan gbó.